Ọ̀dà Tí Ọ̀rẹ́ Mi Kùn Sójú

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kọ́bọ̀ kan péré ni òrí tó kún ọwọ́ ọmọdé, ewé ni wọ́n sì fi ń dì í. Òrí kan náà ni gbogbo ilé fi ń para: bàbá, ìyá, ọmọ, àti àlejò tó bá sùn mọ́jú. Kọ́bọ̀ kan náà ni kẹ́ńkẹ́ kan, ẹ̀kọ àwọn ará Ghana, bí o bá sì jẹ ẹ́ láàárọ̀, o lè gbàgbé oúnjẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Lónìí kẹ́ńkẹ́ ti di sídì márùn-ún, ó sì ti rù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Òrí ti wọ inú ìgò, wọ́n ti lẹ àwòrán obìnrin òyìnbó mọ́ ọn lára, ó ti di ohun tí àgbàlagbà ń béèrè iye rẹ̀ tí yóò sì kọjá lọ. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ìpara tí wọ́n fi ń bóra. Ike kékeré tí àtàǹpàkò mi méjì lè bò, ọgọ́rùn-ún sídì. Ẹ wò ó: nígbà èwe wa, kọ́bọ̀ kan ló ń mú kí àwọ̀ dúdú dán, nísinsìnyí, ọgọ́rùn-ún sídì la fi ń lé e lọ.

Mo mọ iye rẹ̀ dájú, torí pé ọ̀rẹ́ mi kan ra mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni nígbà náà.

Àwa mẹ́rin la jọ dàgbà ní Fante New Town. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí àwọn bàbá wa, Kumasi ni wọ́n ti bí àwa. Ọ̀kan ń rán aṣọ, Télọ̀ la ń pè é. Ọ̀kan ń ta obì bíi bàbá rẹ̀, òun ni Olóbì. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rẹ́ mi tí mo ń sọ yìí. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ń fín ọ̀dà sára mọ́tò ní Suame Magazine, ibùdó àwọn mẹkáníìkì, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ọlọ́dà. Èmi tí mo lọ kàwé ní yunifásítì lókè òkun, tí mo sì padà wá pẹ̀lú àpótí ìwé kan àti ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n ń pè ní Akọ̀wé. Mo rò pé ẹ̀gàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun àyìlá, iwájú ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ la ti ń pàdé, a ó jókòó títí di àlàásárì, a ó máa bá gbogbo ẹni tó bá kọjá wí.

Ọlọ́dà dúdú. Gbogbo wa náà dúdú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Tirẹ̀ ni dúdú tó ń dán, tí oòrùn bá ta sí i, wàá rí oòrùn náà níwájú orí rẹ̀. Àdúmáadán tí àwọn ìyá wa máa ń fi kì ọmọ wọn, òun gan-an nìyẹn. Ìyá Aṣáńtì tó ni ilé tí a háyà, “Tuntum” ló ń pè é, èdè wọn fún dúdú, tìfẹ́tìfẹ́ ló sì fi ń pè é. Ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀ rẹ̀, Tuntum ló ń fún. Àwa yòókù ń jowú.

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa nígbà náà tó pupa. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láyé mi, mi ò sì tíì rí ojútùú rẹ̀. Yorùbá rí ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ní ó pupa. Aṣáńtì náà ní ó pupa, “kọkọọ.” Hausa tó wà ní àdúgbò Aboabo wo ẹni kan náà, ó ní funfun ni. Òyìnbó tó wá funfun ní ti gidi, bí oòrùn Kumasi bá pa á fún wákàtí kan, òun gan-an ló máa ń pupa. Kò sí ẹni tó ń pe ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ló ń pè.

Ohun tí ọkàn Ọlọ́dà fẹ́ ni ọmọbìnrin pupa yìí. Ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni Ọlọ́dà nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ rán àgbà kan lọ sí ilé wọn. Ìyá ọmọbìnrin náà jáde síta, ó sì fèsì kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́ ọ: “Ọmọ mi tó pupa bí ọsàn yìí, kí n wá gbé e fún èédú? Kí n máa fi àtùpà wá ọmọ-ọmọ mi lórí ẹní?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọlọ́dà kò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìjọba ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé máa lọ sílé. Ìdílé tiwa rí ìwé, ìdílé ọmọbìnrin náà kò rí. Lọ́rì gbé wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tòun ti ẹrù àti omijé, wọ́n sì fún ọmọbìnrin náà lọ́kọ níbẹ̀. Ọlọ́dà náà fẹ́ ìyàwó níbí, ó bímọ, ìyàwó náà jẹ́ èèyàn rere, ó sì ṣaláìsí. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí a tó tún gbọ́ nípa ọmọbìnrin pupa yìí.

Olóbì ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bọ́ fìlà, ó ní: “Ẹ mọ ẹni tó dé sí Aboabo? Ọmọ ìyá alátùpà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ta aṣọ ló wà.”

Kò sẹ́ni tó wo Ọlọ́dà. Gbogbo wa ń wò ó láìwò ó.

“Ó ti dàgbà,” Télọ̀ sọ.

“Ìwọ ńkọ́, ọmọ ìkókó ni ọ́?” Ọlọ́dà dá a lóhùn. Ó dìde, ó gbọn jàlámíà rẹ̀. “Ẹ bá mi béèrè. Bí wọ́n bá gbà kí a wá, a ó lọ.”

Olóbì béèrè, wọ́n sì gbà. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, oṣù kan gbáko síwájú. Láti ọjọ́ náà, Ọlọ́dà kò wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́. A rò pé ojú ń tì í ni.

Ìgbà tí a tún rí i, mọ́ṣáláṣí ni, níbi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ó fi láwàní dí orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó mú búútà omi, ó lọ jókòó sí igun tó jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n àlùwàlá kò mọ ojú ẹnì kan. Dandan ni kí èèyàn ṣí ara. Ó tú láwàní, ó bomi sójú, mo sì rí i pé ojú ọ̀rẹ́ mi ti pupa, pupa bí ọsàn tó ti ń bàjẹ́ lápá kan. Ó ká apá aṣọ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìdajì apá, níbẹ̀ ni pupa náà ti dúró gbọnrangandan, bí títì tí owó ìjọba tán sí lójú ọ̀nà. Ó fi omi nu etí: dúdú. Ó na ẹsẹ̀: dúdú bí ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n.

Olóbì gbé búútà tirẹ̀ sílẹ̀. “Alájì,” ó ní, “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló ni ẹsẹ̀ tí ẹ gbé wá yẹn?”

“Ẹ jẹ́ n ṣe àlùwàlá mi.”

“Àlùwàlá wo? Ṣé ẹ ò rí bí omi ṣe ń yí kúrò lójú yín bí orí ewé kókò? Bí ẹ bá dé ọ̀run, wọ́n á ní ta ló kírun, ẹ̀yin àbí ìpara?”

Télọ̀ ti sún mọ́ ọn, ó ń wo ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé ní apá rẹ̀, bí ẹni ń wo ojú rírán. “Mo ti rí i kí wọ́n fi aṣọ méjì rán ṣòkòtò kan,” ó sọ. “Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá rí i kí wọ́n fi rán èèyàn.”

Lẹ́yìn ìrun, a mú un lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, a ní kó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé fún wa bí ẹni ń kọ́ ọmọṣẹ́. Ọjà Kejetia ló ti ra ìpara mẹ́ta, èyí tó yára, èyí tó ń pẹ́, àti èyí tí olùtajà ní ó máa ń mú kó dán. Ó po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú agolo mílíìkì, ó fi igi rò ó títí ó fi kì tó bó ṣe yẹ. Ó kọ́kọ́ fi kànrìnkàn ha ojú, kí ọ̀dà lè mú. Ó kun ti àkọ́kọ́, ó jókòó sí oòrùn kó gbẹ. Ó tún ha á. Ó kun èkejì.

“Etí ńkọ́?” Télọ̀ béèrè. “Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀yin ò mọ iṣẹ́,” Ọlọ́dà sọ, ó sì binú ní tòótọ́. “Ta ló ń fín ọ̀dà sí abẹ́ mọ́tò? Ibi tí ojú bá rí là ń fín. Fìlà yóò bo etí, ṣòkòtò yóò bo ẹsẹ̀. Ó ku ẹyọ kan, ti ìparí.”

Mo bi í bóyá ó lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà. Ó fa láwàní bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mi ò bi í mọ́.

“Ìwọ náà ló fà á, Akọ̀wé,” ó wá sọ fún mi. “Ìwọ lo sọ fún wa pé àwọn òyìnbó ń yí àwọ̀ padà.”

Òótọ́ ni pé mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ní ìlú òtútù tí mo ti kàwé, ọmọdé kan fi itọ́ sí ìka rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi nu ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó wo ìka náà, kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rẹ́ ẹ jẹ. Bí oòrùn bá sì yọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn, gbogbo ìlú á bọ́ra sílẹ̀ létí odò, wọ́n á fi epo pa ara, wọ́n á sì na gbalaja bí ẹja tí wọ́n sá. Wọ́n fẹ́ dúdú. Ẹni tó bá padà láti etí òkun pẹ̀lú àwọ̀ tó ṣú, wọ́n á máa kí i kú oríire, torí ó hàn pé ó lówó tó fi rìn jìnnà. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi kan na apá rẹ̀ mọ́ tèmi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Wò ó, ó kù díẹ̀ kí n bá ọ.” Mo ní kó má kánjú. Mo rántí ìyá ilé tí mo háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ náà, tó wo ìgò epo ọwọ́ rẹ̀, tó wò mí, tó wá kẹ́dùn pé, “Ìwọ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún ọ.” Ní gbogbo ìgbà tí àárò ilé ń sọ mí níbẹ̀, tí wọ́n ń wò mí ju bó ṣe yẹ lọ, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìtàn tí mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Ohun tí Ọlọ́dà mú nínú rẹ̀ ni pé àwọ̀ ṣeé pààrọ̀.

“Ṣùgbọ́n nítorí kí ni?” Olóbì béèrè. “Ní ọjọ́ orí wa yìí?”

Ọlọ́dà wo ilẹ̀. “Ìyá rẹ̀ pè mí ní èédú.”

Kò sẹ́ni tó fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà pé. A wọ ọkọ̀ lọ sí Aboabo, àwa mẹ́rin, pẹ̀lú obì nínú apẹ̀rẹ̀. Ọlọ́dà ti kun ti ìparí lé e. Àbúrò obìnrin náà gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó na ẹní, ó kí wa ní Yorùbá, ó bú àwọn ọmọ tó ń pariwo níta ní Hausa, ó sì dá ẹnì kan lóhùn lórí fóònù ní Twi, láàárín èémí kan ṣoṣo. Olóbì gbé obì kalẹ̀, ó sọ ohun tó gbé wa wá.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe máa ń ṣe é láàárín tiwa níbí. Opó kì í ṣe ọmọge tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ fún ọkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló máa jáde. Bí kò bá fẹ́, á kí gbogbo àlejò, á wọlé. Bó bá fẹ́, á gbé omi tútù síwájú ọkùnrin náà. Bí ọkùnrin náà bá ti mu ún, ọ̀rọ̀ parí, ó ku ti àfáà. Kò sí àròyé. Nítorí náà, ẹni tó wá fẹ́ ìyàwó kì í sọ̀rọ̀. Á jókòó láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, á wolẹ̀, á sì máa retí ife.

Ó jáde wá. Ó ti tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì pupa, ojú rẹ̀ sì ṣì ń rẹ́rìn-ín kí ẹnu tó rẹ́rìn-ín. Ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ àwo pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ bí Ọlọ́dà ṣe mí. Obìnrin náà wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo Olóbì, ó kọjá. Ó wo Télọ̀, ó kọjá. Ó wo Ọlọ́dà, ó fún un ní ìkíni kékeré tí a máa ń fún àlejò tí a kò mọ̀, ó sì kọjá. Ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ níwájú mi, ó gbé ife náà lé mi lọ́wọ́.

“Ẹ ti pọ́n díẹ̀,” ó sọ fún mi, jẹ́jẹ́. “Ọjọ́ ogbó ló fà á. Ṣùgbọ́n mo dá yín mọ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ọkọ̀ tí a wọ̀ gbóná, omi náà tutù débi pé ara ife ń làágùn. Ìyàwó mi wà nílé, a ti jọ wà fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, mi ò sì ṣẹ̀ ẹ́ rí. Síbẹ̀, kò sí obìnrin tó ti wò mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ní irun lórí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

Télọ̀ tẹ̀ sí etí mi. “Akọ̀wé, rántí ìyá àwọn ọmọ rẹ.”

“Èmi ni!” Ọlọ́dà ké. Ó ti dìde. “Èmi nìyí! Èmi ni!”

Obìnrin náà yíjú sí i. “Ta ni bàbá yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” àbúrò rẹ̀ sọ, ojú ń tì í, “àwọn gan-an ló wá fẹ́ yín.”

“Àwọn wo? Ẹni tí mo mọ̀ dúdú.”

Ní Magazine, bí ìjà bá dé lórí mọ́tò tí wọ́n ti pa láwọ̀ dà, tí ẹni méjì ń pè é ní tiwọn, kò sẹ́ni tó ń wo ọ̀dà. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, níbi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Mo rò pé iṣẹ́ yìí ló ran ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, torí kò wá ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé orí tábìlì gíláàsì ilé onílé. Ẹsẹ̀ náà dúdú minimini. Àpá iná kan wà ní ojúgun rẹ̀, ibi tí páìpù èéfín mọ́tò gbígbóná ti jó o nígbà tó ń kọ́ṣẹ́.

Obìnrin náà tẹ̀ba, ó wò ó dáadáa. Ó fi ìka kan àpá náà.

“Èmi ni mo fi òrí pa èyí,” ó sọ. “Lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Ìyá mi ò mọ̀.”

Àwa náà ò mọ̀. Olóbì ya ẹnu sílẹ̀.

Nígbà tó dìde, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. “Kí lo fi ojú rẹ ṣe?”

“Ìyá yín ní…”

“Ìyá mi ti kú tipẹ́. Ṣé ìyá mi lo wá fẹ́ ni?” Kò sí “ẹ” lẹ́nu rẹ̀ mọ́. “Ẹni tí wọ́n fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pupa bí epo. Kí ni mo fi pupa rẹ̀ ṣe? Lọ́jọ́ tí lọ́rì gbé wa, èrò kún etí títì, eruku bo gbogbo wọn, gbogbo wọn pupa. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí títí a fi yà ní kọ́nà. Dúdú rẹ ni mo fi rí ọ. Funfun niyì eyín. Ta ló ní kó o gbé e lọ sójú?”

Ẹsẹ̀ Ọlọ́dà ṣì wà lórí tábìlì.

Obìnrin náà gba ife lọ́wọ́ mi. Kò gbé e fún Ọlọ́dà. Ó fi àwo pẹlẹbẹ náà dé e, ó gbé e sórí àpótí tẹlifíṣọ̀n. “Nígbà tó o bá padà di ẹni tí mo mọ̀,” ó ní, “wá mu omi rẹ.”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” àbúrò rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, “Alájì ti dàgbà. Ta ló mọ ọ̀la?”

“Èmi náà ti dàgbà. Mo ti dúró ju èyí lọ.”

Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa yẹ ojú Ọlọ́dà wò, ó bú u bí ọmọ kékeré, ó ní kó kó agolo mílíìkì náà dànù. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ á padà, ṣùgbọ́n ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kó má jókòó sí oòrùn. Oṣù mẹ́fà kì í ṣe nǹkan kan fún ọ̀dọ́. Ní ọjọ́ orí tiwa, ẹni tó bá ra ẹ̀wù tuntun máa ń béèrè bóyá ó ṣeé fún ẹlòmíràn wọ̀. Ọlọ́dà kò lè fara balẹ̀. Mo bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Magazine, láàárín àwọn mọ́tò tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì wọn, ó na gbalaja lórí páálí, ó kọjú sí oòrùn, ó fi epo para, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó létí odò. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ojú rẹ̀ bó, oníkẹ́míìsì tún bú u.

Télọ̀ ló wá gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀rín. Ó kó àkísà aṣọ jọ, oríṣiríṣi àwọ̀, láti orí èyí tó dà bí iyẹ̀fun títí dé dúdú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á ní kí Ọlọ́dà jókòó sí ìmọ́lẹ̀, á máa fi àkísà kọ̀ọ̀kan wé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tòun ti awò lójú, láìrẹ́rìn-ín.

“O ti kúrò ní kákí,” á sọ. “O ti ń wọ kọfí.”

“Kọfí tó ní mílíìkì àbí èyí tí kò ní?” Olóbì á béèrè.

“Mílíìkì díẹ̀ ṣì wà ní imú.”

Oṣù mẹ́rin la fi ṣe báyìí. N kò rántí ìgbà tí inú wa dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe. Ní oṣù karùn-ún, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì, Télọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì dìde mọ́. A sin ín lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ọmọ rẹ̀ mú àkísà kan wá fún Ọlọ́dà, ó ní inú dúrọ́ọ̀ lòun ti bá a. Aṣọ dúdú tó ń dán ni. Wọ́n fi pín-ìnnì gún bébà kékeré mọ́ ọn, Télọ̀ sì kọ ọ́ sí i pé: “Ti Ọlọ́dà. Títí dé ibí.”

Ọlọ́dà kò dúró de oṣù kẹfà. Ó ní bí Télọ̀ bá lè lọ láìdágbére, òun náà lè lọ bẹ́ẹ̀. Kí a tó wọ ọkọ̀, ó fi àkísà náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, ó ní, “Ṣé ó bá a mu?” Olóbì, tí ojú rẹ̀ kò ríran kọjá imú, ní ó bá a mu gẹ́lẹ́. Èmi náà ní ó bá a mu. Irọ́ la pa. Àmì bí òwú ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, abẹ́ ojú rẹ̀ sì dà bí ilẹ̀ tí òjò pa lápá kan.

A jókòó lórí ẹní kan náà ní Aboabo, àwa mẹ́ta. Obìnrin náà jáde pẹ̀lú omi. Lọ́tẹ̀ yìí kò wo èmi rárá, ó sì dùn mí díẹ̀. Ó dúró níwájú Ọlọ́dà. Ó fi ìka gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè sí ojú fèrèsé, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún.

“Kò tíì pé,” ó sọ.

Ọlọ́dà di ojú rẹ̀. Àbúrò obìnrin náà wo òkè àjà. Èmi ń ka iye oṣù lọ́kàn mi, mò ń ka iye àwa tó ṣẹ́kù.

“Ìyókù á pé lójú mi,” obìnrin náà sọ, ó sì gbé ife lé e lọ́wọ́.

Ó mu ún tán láìgbé e kúrò lẹ́nu.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí. Ìyá alátùpà wà nínú ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Aṣáńtì tó ń fún Tuntum ní ẹran ti lọ tipẹ́tipẹ́. Ìyá ilé tí mo háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ lókè òkun, kò lè sí láyé mọ́, ẹni àádọ́rin ọdún ni nígbà tí mo wà ní ọmọ ogún ó lé díẹ̀. Télọ̀ ti lọ. Olóbì lọ nínú ọ̀gìnnìtìn tó kọjá, obì wà lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò obìnrin náà wà láàyè, ó ṣì ń ta aṣọ. Oníkẹ́míìsì wà láàyè, ó ṣì ń bú èèyàn. Ìyàwó mi wà láàyè. Ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ ife omi fún un, kò tíì dá mi lóhùn dáadáa láti ìgbà náà. Ọlọ́dà wà láàyè. Aya rẹ̀ wà láàyè. Mo kí wọn lánàá.